Ìlẹ̀kùn Tí Ìyá Rẹ Gbé Lọ sí Ore

Ilé Bàbá Barnabas,
Ẹ̀yìn Ilé Àdúrà,
Omifunfun, lọ́nà Odigbo.

Tolúwalọpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé Èkó kò tíì gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ? Ní tiwa níbí, ẹnu wa kò gbọpẹ́, ibà kò ṣe wá, òjò ń rọ̀ bó ṣe yẹ kó rọ̀, ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn mí, ìlẹ̀kùn ló sì fà á, n óò dé ibẹ̀. Kí n tó mú bírò ni mo ti gbà á ládùúrà pé Ọlọ́run tá à ń bọ́ bàtà sìn kò ní jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ kọ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń rìn gaara. Omi tó o bá mu kò ní há ọ lọ́fun. Oyin ni o ó máa dà lójú ọ̀gá rẹ. Kọ́kọ́ ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Ewúrẹ́ dúdú ìyá rẹ bí mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ti ní irùngbọ̀n láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, mo pe Wòlíì Eli wá wò ó, ó ní kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Kòkó wa so dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́rẹ́ ti gbọ́ ṣáájú wa. Afárá ọ̀nà Ajue já, ọ̀kadà nìkan ló ń la omi kọjá, ẹni tó bá sì wọ aṣọ funfun ní láti ká a dé orúnkún.

O lè máa wò ó pé kí ló dé tí bàbá mi tó ní fóònù ṣe tún ń kọ lẹ́tà, tó ń fi í rán awakọ̀. Ọmọ mi, mo ti jáwọ́ nínú fóònù. Díẹ̀ ló kù kí fóònù jẹ ogún ẹgbẹ̀rún náírà mọ́ mi lára, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ju pé wọ́n kọ́ mi nílé lọ. Jókòó kí n rò ó fún ọ.

O mọ fìríísà tí ìyá rẹ gbà láwìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Má-Dààmú ní Ore, èyí tó fi ń ta ẹja yìnyín àti omi tútù. Oṣù kẹjọ rẹ̀ rèé. Fìríísà náà dára púpọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, mo ṣí i, iná ń tàn nínú rẹ̀. Mo dé e, mo ṣe bí ẹni tó ń lọ, mo tún yà padà mo ṣí i lójijì, iná náà ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Mo dán an wò fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò bá a kó pẹ́ rí. Mo fẹ́ràn ohun tó bá ń tètè débi iṣẹ́.

Àdéhùn wọn ni pé kí ìyá rẹ máa san ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún náírà lóṣù, fún ọdún kan gbáko. Ìyá rẹ sì ṣètò rẹ̀ lọ́nà tiwa. O mọ̀ pé ọrọọrún là ń ná ọjà wa, ọjà méje ló sì ń pé oṣù kan lójú ìyá rẹ, bí ìyá tirẹ̀ ṣe kà á fún un nìyẹn. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ń san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kì í fi nǹkan kan ẹnu lọ́sàn-án ọjọ́ náà kó tó san án. Ọ̀dọ̀ Sàádátù ló ń san án sí, ìyàwó Múdàṣírù ọlọ́kadà, òun ló gbé ẹ̀rọ POS sábẹ́ agboòrùn níwájú ilé wa. Ẹ̀rọ náà á pọ bébà pẹ́lẹ́bẹ́ kan jáde, iye owó á hàn lára rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n bó bá fi máa di ọjà mélòó kan sí i, bébà náà á ti funfun báláú, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí i láti ayébáyé. Èmi rò pé ẹ̀mí kan ló wọ ilé wa tó ń lá ìwé. Mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì lé e lórí kí Sàádátù tó sọ fún mi pé bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìyá rẹ kò bá mi gbààwẹ̀. Ó ní owó tí òun fi oòrùn pa ara òun wá kò ní máa sá kúrò lójú bébà. Ó ní kí Sàádátù máa mú ìṣó nígbàkúùgbà tó bá ti gba owó tán, kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ìlà kan sára ìlẹ̀kùn iwájú ilé wa, kó lè jẹ́ pé ẹni tó gbowó ló kọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó san án. Bí ìlà bá pé méje, wọ́n á fa ọ̀kan gbọọrọ sábẹ́ wọn, oṣù pé nìyẹn. O mọ ìlẹ̀kùn náà. Ìrókò ni, bàbá mi ló gé igi rẹ̀, òun lo máa ń fara tì nígbà tó o wà ní kékeré tó o bá ń retí mi láti oko.

Èmi ní tèmi, iṣẹ́ ìkíni ni mo gbà ṣe. Nọ́ńbà mi ni ìyá rẹ fún Má-Dààmú, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi. Wọ́n á kọ́kọ́ pè mí ní oníbàárà wọn ọ̀wọ́n, wọ́n á tó wá rán mi létí owó. Ó dùn mọ́ mi, nítorí láti ọjọ́ tí ìyá mi ti lọ, ta ló tún pè mí ní ọ̀wọ́n? Wọn kì í sì í kí àgbà kó dákẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀wé láàárọ̀, n óò kọ ọ́ padà pé ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ jí ire, ṣé ọ̀gá yín wà, Olúwa yóò fi olóore pàdé yín. N kò ní tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí èsì á ti dé pé a dúpẹ́ oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ má gbàgbé owó yín. Èmi náà á ní rárá o, a ò lè gbàgbé. Wọ́n á tún dúpẹ́. Mo sọ fún Wòlíì Eli pé n kò tíì rí ilé-iṣẹ́ tó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ kan wà tá a kí ara wa nígbà mẹ́tàdínlógún, oorun ọ̀sán ló gbé èmi lọ, kò rẹ àwọn.

Ọ̀dọ̀ rẹ ni ọkàn mi sì máa ń lọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé irú iṣẹ́ yìí gan-an lò ń ṣe ní ọ́fíìsì tìrẹ ní Èkó, pé ìwọ lò ń rán àwọn tó yá owó létí, mo sì máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ àánú ni ọmọ mi ń ṣe, nítorí ọmọ ènìyàn ń gbàgbé.

Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní ìyá rẹ jẹ wọ́n ní ogójì ẹgbẹ̀rún náírà, kó san án kó tó di ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n ń bọ̀ wá gbé fìríísà. Wọ́n ní ogún nínú rẹ̀, owó ìpẹ́ ni, ti ẹni tí kò tètè san, pé kò sí oṣù kan tí ìyá rẹ san ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà wọ́n fi ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ lé oṣù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ogún kejì, owó ìránnilétí ni, igba náírà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àtẹ̀jíṣẹ́ ọgọ́rùn-ún. Mo ka ti ogún kejì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò tètè sọ ọ́ fún ìyá rẹ, mo ní kí n kọ́kọ́ fi àdúrà sí i ná.

Àdúrà náà kò tíì gòkè tán tí wọ́n fi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù wa, bí wọ́n ṣe wọ inú rẹ̀ kò yé mi, abẹ́ ìrọ̀rí mi ló máa ń wà. Wọ́n ní Bọ́látitó ará Omifunfun, onígbèsè ni, ó ti sá lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó pamọ́ sí i lọ́wọ́. Sá lọ! Obìnrin tó jókòó ti fìríísà rẹ̀ níwájú ilé, tó ń fi ewé lé eṣinṣin. Ó dé ọ̀dọ̀ Wòlíì Eli, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ. O kúkú mọ̀ pé ọwọ́ ìyá rẹ ni àpótí owó ẹgbẹ́ àwọn ìyá wà, ọdún kọkànlá rèé, náírà kan kò dínkù rí. Ìkórè sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n rán ènìyàn wá pé kó jọ̀wọ́ fi kọ́kọ́rọ́ àpótí ránṣẹ́ ná. Ó fi fún wọn, ó tún kúnlẹ̀ kí wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán ó wọ ilé ìdáná, ó sunkún. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí dé egungun, débi pé mo wọlé tọ̀ ọ́ mo jẹ́wọ́ ọ̀ràn àtẹ̀jíṣẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ó ní Bàbá Tolú, ẹ kú ìkíni o. Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó ní kí n lọ mú òòlù wá.

Mo ní kí la fẹ́ fi òòlù ṣe. Ó ní ká yọ ìlẹ̀kùn. Mo ní ṣé kò ní dára ká da àwọn ìlà náà kọ sínú ìwé, èmi tí mo mọ̀wé wà ńlẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n máa ń da ẹlẹ́rìí kọ sínú ìwé ni àbí ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbi ẹjọ́. Mo lọ mú òòlù. Ọmọ mi, ìyá rẹ ò lọ ju ìwé mẹ́ta, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀ báyìí, èmi tí mo lọ mẹ́fà máa ń dákẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀ la lọ, èmi, ìyá rẹ, Sàádátù, àti ìlẹ̀kùn. Múdàṣírù bá wa bẹ ọkọ̀ kan tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Ore. Ìlú onígẹdú sì ni Ore, ìwọ náà mọ̀, a kò tíì sọ ìlẹ̀kùn kalẹ̀ dáadáa ní gáréèjì tí wọ́n fi pé lé wa lórí. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Gàzálì fi ìka kan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní òun á san ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún lójú ẹsẹ̀. Mo wo ìyá rẹ. Mo rọra sọ fún un pé bí a bá san ogójì wọn, ogójì ló kù fún wa, ọ̀rọ̀ sì tán. Ó ní bí òun bá san ohun tí òun kò jẹ, òun ti fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́ pé onígbèsè ni òun. Ó ní kí n gbé ìdí ìlẹ̀kùn, kí Sàádátù gbé orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn mi ti dá.

Ọ́fíìsì Má-Dààmú dára, kí n má purọ́. Inú rẹ̀ tutù bíi ti fìríísà wa. Ìlẹ̀kùn wọn jẹ́ dígí láti òkè délẹ̀, ó ń dán yinrin, kò sí ibi tí ìṣó lè mú lára rẹ̀, ni mo bá wí nínú ara mi pé ẹ ò rí i, abájọ tí wọn kò fi rántí ohun tá a san. Ọlọ́dẹ wọn ní ká fi ìlẹ̀kùn tiwa síta. Ìyá rẹ ní kì í ṣe bàtà. A gbé e wọlé, a fi ti ògiri láàárín àwọn ènìyàn tó ń dúró de ẹjọ́ tiwọn.

Máníjà wọn ń jẹ́ Àbdùlràhmọ̀n, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó wo inú kọ̀ǹpútà, ó ní ẹ má bínú mà, ohun tí kọ̀ǹpútà sọ nìyí, Èkó ló ti ń wá, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Ìyá rẹ kò bínú. Ó ní ṣé kọ̀ǹpútà náà ríran. Ni ìyá rẹ bá rọra fi ọwọ́ méjèèjì yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí ìlẹ̀kùn, ó ní kó kà á fúnra rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Máníjà rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà. Nígbà tó dé ogún, àwọn tó jókòó ti ń bá a kà á sókè. Ó jẹ́ ọgọ́ta. Ó ní ṣùgbọ́n mà, ẹnikẹ́ni lè ha ìlà. Sàádátù ní òun ló ha gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ òun náà lòun sì fi san án. Ìyá rẹ ní kó fi ìka lé èyíkéyìí tó bá wù ú. Ó fi lé ọ̀kan. Ìyá rẹ ní ọjà tó tẹ̀lé ìtúnu ààwẹ̀ Sàádátù nìyẹn. Máníjà wo kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti wọlé lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Ó fi lé òmíràn tó wọ́. Ìyá rẹ ní ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ Odigbo ni, ọwọ́ Sàádátù ń gbọ̀n. Ó tún wò ó, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wà ńbẹ̀. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ìlẹ̀kùn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìlà wà lẹ́yìn náà, ó fà á síwájú díẹ̀, ó rí àwọn kan tí wọ́n fi èédú fà, ó ní gbèsè ta ni ti ibí yìí. Ìyá rẹ ní onígbèsè ìyẹn kò sí nínú ilé yìí, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ni Máníjà bá mú ẹ̀rọ ìṣirò. Ọmọ mi, gba èyí gbọ́ bí o ṣe gba orúkọ rẹ gbọ́: oṣù ìyá rẹ kúrú ju oṣù tiwọn lọ. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń sáré níwájú wọn. Oṣù mẹ́jọ tiwọn jẹ́ méjìdínláàádọ́sàn-án lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìlẹ̀kùn wa sì ti san ọgọ́sàn-án. Ẹgbẹ̀rún méjìlá wa ló wà lọ́wọ́ wọn! Obìnrin tí wọ́n ní ó sá lọ, ó sá lọ lóòótọ́, iwájú ló sá lọ. Kọ̀ǹpútà wọn kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi mẹ́ta mẹ́ta ṣe mọ́kànlélógún ni, gbogbo èyí tó bá ti wá ní díẹ̀díẹ̀, ó pè é ní àìsan.

Máníjà pe Èkó. Èkó ní àwọn fẹ́ rí ẹ̀rí. Ó ya fọ́tò ìlẹ̀kùn ránṣẹ́, èmi náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò náà, mo wọ aṣọ àdúrà mi. A jókòó títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ìgbà tí wọ́n pè padà, wọ́n pa ogójì náà rẹ́, owó ìpẹ́ àti owó ìkíni mi, wọ́n sì ka méjìlá mọ́ oṣù tó ń bọ̀. Mo dìde, mo fẹ́ súre ká máa lọ. Ìyá rẹ kò dìde. Ó ní kí wọ́n wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n kọ ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí pé irọ́ ni. Máníjà ní ó mà ṣe o mà, kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ àwọn, pé èèyàn jẹ gbèsè nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Ìyá rẹ ní kó fi ẹnu sọ ọ́ nígbà náà, ó ní orúkọ òun kò sí nínú ẹgbẹ̀rún méjìlá. Máníjà wo ilẹ̀. Ó gbé fóònù, ó pe Wòlíì Eli lójú wa, ó tọrọ àforíjì, ó sì kọ lẹ́tà, ó lù ú lóǹtẹ̀ méjì. Bí mo bá ní ọmọbìnrin méjì, n óò fi ọ̀kan fún un, ti pé ó jẹ́ mùsùlùmí kò kàn mí.

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n ka lẹ́tà náà níwájú gbogbo ìjọ. Wòlíì fúnra rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyá rẹ lọ́wọ́. Ó fi aṣọ bojú, mo mọ̀ pé ó ń sunkún, èmi náà sunkún, n kò tilẹ̀ bojú. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Obìnrin kan ní Ajue tó máa ń ra ẹja páálí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì padà wá títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Wàyí o, ohun tá a fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Ìyá rẹ kò jẹ́ ká gbé ìlẹ̀kùn padà sí ẹnu ọ̀nà. Sàádátù ti ha méjì lé ọgọ́ta náà, ìyá rẹ ní ìlà méjìlélógún ló kù, wọ́n sì lè pe ẹlẹ́rìí nígbàkigbà. Ẹ̀gbẹ́ fìríísà ló wà. Ẹní la fi dí ẹnu ọ̀nà, ewúrẹ́ onírùngbọ̀n yẹn ń wọlé bó ṣe wù ú, àná orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ti bá a. Fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ ká fi kan ìlẹ̀kùn pákó kékeré kan ná, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún ìpara tí wọ́n fi ń ra ẹ̀yìn. Ọ̀dọ̀ Sàádátù ni kí o fi í sí. Ìyá rẹ kò béèrè owó. Ó ní kí n ṣáà bi ọ́ pé àwọn tí ìwọ ń rán létí lọ́hùn-ún, ṣé o máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ní ìlẹ̀kùn. Èmi sọ fún un pé ọmọ mi á ti máa béèrè.

Olúwa tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá orúkọ ìyá rẹ padà kò ní jẹ́ kí tìrẹ sọnù lọ́jà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní sọ ọ́ di ẹni ègún. A ó rí ọ, ìwọ náà á rí wa, a kò ní fi fọ́tò mọ ara wa.

Mo fẹ́ pa bírò dé ni mo rántí àwọn ìlà èédú tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Aṣọ àdúrà mi ló máa ń gbé kọ́ síbẹ̀, ni n kò ṣe rí wọn rí títí a fi yọ ọ́. Lánàá ni mo ní kí ìyá rẹ sọ òtítọ́ fún mi, ta lo tún yá lówó. Ó ní kì í ṣe owó. Ó ní ọjà kọ̀ọ̀kan tó ti kọjá láti ọjọ́ tó o ti pè gbẹ̀yìn ni. Mo kà á, ó jẹ́ mọ́kàndínlógún. Nọ́ńbà rẹ ló sì wà lókè pátápátá nínú fóònù wa, ọ̀rọ̀ onígbèsè yẹn á ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ ṣáájú Wòlíì, mo ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ìyá rẹ ní ó ṣeé ṣe. Mo bi í bóyá owó ìpẹ́ wà lórí mọ́kàndínlógún náà. Ó ní rárá o, kí o ṣáà pè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Barnabas.